Iyọ̀ Inú Kànga Bàbá

Mi ò kọ́ ìṣirò ìwádìí nílé ìwé kankan. Orí fóònù àti inú ìwé àlòkù ni mo ti kọ́ ọ, títí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà lọ́nà Ìjànikin fi ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi ní Mowo.

Àwọn mẹ́rin kan wá lọ́dún tó kọjá. Olùkọ́ wọn kì í dédé kọ ìdáhùn sójú pátákó. Ìṣòro ló máa ń gbé lé wọn lọ́wọ́, wọn á jọ wádìí rẹ̀, lẹ́yìn náà wọn á jókòó yíká, kí kálukú sọ ohun tó rú u lójú. Tiwọn ni pé: bí kànga bá ṣe súnmọ́ òkun tó, ṣé bẹ́ẹ̀ ni omi rẹ̀ ṣe ń níyọ̀ tó? Wọ́n lọ sí abúlé kan létí òkun, wọ́n ní kí ará ilé kọ̀ọ̀kan fún omi kànga wọn ní máàkì, láti oókan tó jẹ́ omi dídùn, dé àrún tó jẹ́ iyọ̀ pọ́ńbélé.

Àgbà inú wọn, abilékọ kan láti Èkìtì tí wọ́n ń pè ní Màmá, ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Morogbo. Ẹni tó ni ilé ìwé náà ti kìlọ̀ fún un: bí kò bá parí kọ́lẹ́ẹ̀jì kí sáà tuntun tó wọlé, òun á gba ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ìwádìí yìí nìkan ló kù fún un.

Mo kó nọ́ńbà wọn sínú kọ̀ǹpútà, orí mi sì dàrú. Nínú ilé kan, kò sẹ́ni tí ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì. Ní ilé kan tó kọjú sí òkun, gbogbo wọn ní omi dùn. Ní ilé tó tẹ̀ lé e, tí ògiri kan ṣoṣo pín wọn níyà, gbogbo wọn ní iyọ̀ ni. Lóòótọ́, kànga kan náà ni ará ilé kan ń mu, àmọ́ ṣé ahọ́n kan náà ni gbogbo wọn ní?

Mo ní kí wọ́n jókòó yíká, kí ẹni tó kéré jù nínú wọn, ọmọbìnrin Ègùn kan, kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Háà, bọ̀ọ̀dá! Ẹ jẹ́ kí Màmá kọ́kọ́ sọ tiwọn."

"Sọ̀rọ̀ jàre," ni Màmá dá a lóhùn. "Ṣé èmi ni mo gbé ahọ́n ẹ pamọ́?"

A rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà wá ní, "Bàbá la kọ́kọ́ ń bi nílé kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù sì wà níbẹ̀. Bàbá ilé tó kọjú sí òkun yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ kànga rẹ̀. Tó bá ti ní ó dùn, ta ló máa ní ó níyọ̀ lójú rẹ̀?"

"Ilé kejì ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ayálégbé ni wọ́n. Lánlọ́ọ̀dù ló gbẹ́ tiwọn."

Ẹ̀rín Màmá parẹ́. "Ṣé iṣẹ́ wa ti bàjẹ́ nìyẹn?"

Mo ní ká lọ dán an wò. Lọ́jọ́ kejì, a padà sílé bàbá. Mo bu omi kànga rẹ̀ àti píọ́ wọ́tà sínú ife tó bára mu, mo gbé méjèèjì sábẹ́ òjìji kan náà kí ọ̀kan má baà tutù ju èkejì lọ. A ń pe àwọn ará ilé náà wá sẹ́yìnkùlé lọ́kọ̀ọ̀kan, a ò sọ èwo ni èwo. Bàbá tọ́ omi kànga rẹ̀ wò, ó tu ú dànù.

"Inú òkun lẹ ti bu èyí wá? Àrún ni!"

Màmá kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà." Ta ló fẹ́ sọ fún un pé omi kànga rẹ̀ ni?

Mo rò pé a ti rí òótọ́. Ọmọbìnrin bàbá, tí wọ́n bí sínú ilé náà, wá tọ́ omi kan náà wò, ó ní oókan. Ó ní èkejì ni kò ládùn rárá. Bàbá kò sí nítòsí, kò sì sí ẹni tó ń bẹ̀rù.

"Bọ̀ọ̀dá, nọ́ńbà wo ni kí n kọ?" ni Màmá bi mí lójú ọ̀nà. Ó kọ gbogbo rẹ̀, ti àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀yìnkùlé, ó gbé e lọ fún olùkọ́.

"Èwo lẹ gbà gbọ́ nínú méjèèjì?" ni olùkọ́ bi í.

"Mi ò tíì mọ̀, sà."

Ó ní kó kọ ìyẹn náà síbẹ̀, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tó kọ ọ́ tán, olùkọ́ buwọ́ lù ú. Màmá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Morogbo. Èmi ṣì ń wò ó bóyá omi la wọ̀n àbí ahọ́n.