Ìyá Tó Mọ Ọjọ́ Orí Gbogbo Ọmọ Erékùṣù

Nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Amúkòkò. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Marine Beach lọ sí erékùṣù kan tó jìnnà, láti fún àwọn ọmọ ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Apẹja ni àwọn ará ibẹ̀. Inú iyanrìn ni wọ́n ń gbẹ́ kànga sí, omi rẹ̀ a sì dùn, bẹ́ẹ̀ omi iyọ̀ ló yí wọn ká.

Ọmọ gbọ́dọ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án kó tó gba abẹ́rẹ́ èéyi, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá ni kò ní ìwé ìbí ọmọ wọn. Ni wọ́n bá lọ pe ìyá àgbà tó ń gbẹ̀bí fún wọn. Ìyá àgbà wo ọmọ ràbàtà kan tí mo ti ń nu apá rẹ̀.

“Ọmọ mi, dúró ná. Oṣù ọmọ yìí ò tíì pé.”

“Mà, ẹ wo bó ṣe tóbi.”

“Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ tí àbùùbùtán kú sí èbúté wa la bí i.”

Mi ò gbà. Mo béèrè ẹni mìíràn tó bímọ lọ́sẹ̀ yẹn. Obìnrin kan dáhùn; ọsibítù ní Àpápá ló bí sí, káàdì ìbí ọmọ rẹ̀ sì wà nílé. Ó sáré lọ mú un wá. Mo ka oṣù lórí ìka láti ọjọ́ tó wà nínú káàdì náà: ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gẹ́lẹ́.

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, Mà.”

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n fa àpótí jókòó tì mí. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n ń jókòó sí. Ibi tí wọ́n ti ń ṣírò ọjọ́ orí ni mo ti gbọ́ ìtàn erékùṣù náà: ọdún tí òkun gbé àdúgbò àtijọ́ lọ, tí gbogbo ará ibẹ̀ jọ kó ilé sẹ́yìn, ọdún tí ìjì ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò tíì rí irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan ìyá àgbà bi mí pé, “Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo la bí ọ?”

Mo sọ ọjọ́, oṣù àti ọdún.

“Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?”

Mo ní màá bi màmá mi.

Nírọ̀lẹ́, mo bi màmá mi, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, òjò ti sọ àdúgbò wa di odò, bàbá mi sì pọ̀n wọ́n dé ilé agbẹ̀bí, bàbá ń kọ orin ìyìn sókè kí ẹ̀rù má bàa ba màmá mi. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí bàbá mi kú. Mi ò mọ̀ rí pé wọ́n máa ń kọrin.