Wàrà Tí Kò Kan

Hàwáwù ń ta nọ́nọ̀, wàrà kíkan, ní ọjà Sandgrouse. Ìsọ̀ ẹ̀wà mi ló kángun sí tirẹ̀. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí a ti jọ ń jókòó. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì máa ń fọ igbá kó tó lò ó. Mi ò rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́bọ̀ kan.

Ìkòròdú ni wàrà rẹ̀ ti ń wá. Kàmọ́rù tó ń sin màlúù níbẹ̀ ló ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wá sí Ẹbúté Èrò. Hàwáwù á sè é, á jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́wọ́, á bu ṣíbí nọ́nọ̀ àná sí i, á dé e. Tó bá fi máa di òwúrọ̀, ó ti kan, ó ti dì.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, igbá méjì dì. Ìkẹta ń ṣàn bí omi.

"Kàmọ́rù ti po omi mọ́ ọn," ó sọ fún mi. "Mi ò lè tà á. Mo tún un sè, mo mu díẹ̀, Bilqis gbé ìgò kan lọ síbi iṣẹ́."

Bilqis ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì lọ́ọ́yà kan ní Igbosere.

Ó pe Kàmọ́rù, ó ṣí ohùn fóònù sókè kí n lè gbọ́ èébú.

"Ṣé omi ọ̀sà lo bù sí wàrà mi ni, Kàmọ́rù?"

Ìyẹn rẹ́rìn-ín. "Àlàájà, màlúù mi ò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Kẹ́ẹ̀gì wo ni?"

"Èyí tó ní okùn búlúù."

Ẹ̀rín náà tán.

"Ti màlúù pupa nìyẹn," ó wí. "Ọmú rẹ̀ wú lọ́jọ́sí, ọyún ń ti ibẹ̀ jáde. Nígbà tí mo dáwọ́ fífún un dúró kó lè sinmi kó tó bímọ, dókítà ẹran fa oògùn sí ọmú rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó máa ń pẹ́ níbẹ̀ kó lè pa àìsàn náà tán. Ó ní kó pé àádọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn oògùn, kó sì tún pé ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìbímọ, kí n tó ta wàrà rẹ̀. Màlúù náà bímọ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn nìkan ni mo kà."

"Oògùn wo?"

"Pẹnisílínì. Òun ni ò jẹ́ kó kan. Ẹ dà á nù, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti sè é."

"Sísè ò pa oògùn, Àlàájà."

Ọmọ ọdún méje ni Bilqis nígbà tí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisílínì. Ọ̀fun rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ dúdú, díẹ̀ ló kù kí èémí tán. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ tún kàn án láyé, bó ti wù kó kéré mọ.

Hàwáwù pe Bilqis. Fóònù ń dún, kò gbé e. Ó tún pè. Ó fi igbá sílẹ̀ láìdé, ó ń lọ. Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn mí. Bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò wẹ̀yìn. Èmi ni mo mú un. Aago méje ni ọmọ náà kúrò nílé. Aago mẹ́wàá ti kọjá.

Ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì ṣí sílẹ̀. Bilqis gbórí lé tábìlì, kò mira.

Hàwáwù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò lè wọlé.

"Ẹ bá mi fọwọ́ kàn án, Bàbá," ó wí.

Mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Ó gbórí sókè. Ètè rẹ̀ gbẹ, kò wú.

"Bàbá? Mọ́mì, bàtà yín dà?"

"Wàrà yẹn dà?"

"Ó wà nínú fíríìjì. Mo ń san ààwẹ̀ Ràmàdáànì tí mo jẹ, òun ni mo fẹ́ fi ṣínu nírọ̀lẹ́. Orí ló ń fọ́ mi ni mo fi sùn díẹ̀."

Hàwáwù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "O ń gbààwẹ̀, o ò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí."

Hàwáwù fúnra rẹ̀ ló da wàrà náà sí gọ́tà. Ó ju ìgò náà nù.

Láti ọjọ́ náà ni Kàmọ́rù ti ń so aṣọ pupa mọ́ màlúù tó bá gba oògùn lọ́rùn. Bilqis ò fẹnu kan wàrà mọ́. Hàwáwù ṣì ń tà á. Bí mo bá kí i láàárọ̀, kì í dáhùn títí á fi ṣí igbá wò bóyá ó ti dì.