Ìborùn Funfun Màámi

Bí obìnrin tó sun tùràrí sáṣọ bá kọjá lára mi, kíá ni mo máa ń di ọmọ ọdún méje padà, lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Hindawiyah, ní Jeddah.

Ọjọ́ kẹta tí a dé ni. Ooru ń jáde lára ògiri, omi ẹ̀rọ amúlétutù ń kán sí mi lọ́rùn. Màámi fi ìborùn funfun tuntun kan, tó ń ta sánsán tùràrí, lé mi lọ́wọ́.

"Mò ń lọ ra búrẹ́dì. Tí mo bá dé, a jọ máa lọ sí Mẹ́kà. Ìborùn tí màá fi wọ mọ́sálásí Haramu nìyí, bá mi dì í mú o."

Ọkàn mi balẹ̀. Ta ló ń wọ Haramu láìborí?

Wọ́n pe ìrun Aláásárì, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti ilẹ̀kùn. Mo ní wọ́n ti ti Màámi mọ́ ibi tó ti ń ra búrẹ́dì ni. Wọ́n kírun tán, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù padà, n kò rí i. Mo sáré wọlé. Àpótí rẹ̀ ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lọ. Aṣọ tèmi nìkan ni wọ́n ká sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ìyá ẹ ti lọ sí Mẹ́kà," ni Àlàájà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wí. "Tó bá kúrò níbẹ̀, ó di ilé. Ọ̀dọ̀ mi ni wàá máa gbé."

"Irọ́ ni! Ìborùn rẹ̀ rèé!"

Àlàájà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo ti dàgbà kí n tó rí fọ́tò tí Màámi yà ní Mẹ́kà, tí ìborùn bíi tọwọ́ mi gẹ́lẹ́ wà lórí rẹ̀: méjì ló rà.