Bọ́ì Onírùngbọ̀n ní Ìkirè

Títí di òní, bí òórùn aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí bá kan imú mi, inú a máa bí mi. Mo ti tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, mo ní irùngbọ̀n, mo sì ń fẹ́ ọmọbìnrin kan sọ́nà ní Àpòmù, síbẹ̀ bọ́ì ni wọ́n ń pè mí nílé ọ̀gá mi ní Ìkirè. Ọ̀gá náà kì í ṣe òyìnbó o. Akọ̀wé tó ń bá òyìnbó ra kòkó ni, ọmọ ẹni tó ń kọ ebè bíi bàbá tèmi, mo sì fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ. Dòdò Ìkirè tí gbogbo ayé ń fọwọ́ jẹ, fọ́ọ̀kì lòun fi ń jẹ ẹ́. Bó bá kẹ́sẹ̀ lé ẹsẹ̀ tán, á figbe ta, “Bọ́ì!”, kí n lè wá gbé ife omi tí ọwọ́ rẹ̀ tó fún un.

Láyé àwọn baba ńlá wa, ẹrú ń bẹ, ìwọ̀fà sì ń bẹ. N kò sọ pé ayé wọn dára. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀fà bá ṣiṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ láàárọ̀, oko ara rẹ̀ ló ń lọ lọ́sàn-án, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni wọ́n sì fi ń pè é. Lẹ́yìn náà la wá ní ọmọ ọ̀dọ̀. Òyìnbó tún kó tirẹ̀ dé: kúùkù nídìí ààrò, bọ́ì nínú ilé, bọ́ì kékeré tó ń fọ abọ́ fún bọ́ì àgbà. Bí bọ́ì bá hu ewú, bọ́ì náà ni. Àwọn akọ̀wé wa rí i, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ ní tiwọn.

Èmi náà ò kúkú gbọ́n. Bí mo bá ń lọ kí àwọn àna mi, aṣọ iṣẹ́ náà ni mo máa ń wọ̀, funfun oníbọ́tìnnì idẹ tí wọ́n fi sítáàṣì sí. Wọ́n á ní, “Akọ̀wé wa, káàbọ̀ o.” N kò sọ pé akọ̀wé ni mí, n kò sì sọ pé n kì í ṣe é. Mo kàn ń wú ni.

Lọ́jọ́ kan nígbà kòkó, ọ̀gá mi ní àgbẹ̀ pàtàkì kan dé, kí n gbé tíì wá. Mo gbé e sórí tíréè, mo wọ pálọ̀. Bàbá ọmọ tí mo ń fẹ́ ni mo bá lórí àga.

Ẹni tó bá rí bàbá ìyàwó rẹ̀, ibi tó bá ká a mọ́ ni yóò ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ìbáà jẹ́ inú ẹrẹ̀. Mo ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀, bàbá á mọ̀ pé bọ́ì ni mí, bí ẹni pé tíréè ọwọ́ mi ò tíì sọ ọ́ fún un! Òpònú! Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Mo dúró ṣánṣán, mo na ife sí i.

Bàbá wò mí títí. Ó gba ife náà, ó ní, “Ẹ ṣeun, sà.”

Ọ̀gá mi bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá, bọ́ì lásán lẹ̀ ń pè ní sà yẹn!”

“Mo gbọ́,” ni bàbá wí. Ó gbé tíì sílẹ̀, kò tọ́ ọ wò.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, alárinà wa dé láti Àpòmù, ó ní wọn ò fọmọ fún mi mọ́.

Mo fara ya. “Ṣé torí mò ń ṣe bọ́ì ni?”

Obìnrin alárinà náà pòṣé. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bàbá ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, àwọn náà ṣe ìwọ̀fà rí. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tó lè sẹ́ àwọn lójú ọ̀gá rẹ̀, ọjọ́ kan ni yóò sẹ́ ọmọ àwọn náà.”

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ilé wọn. Ẹnikẹ́ni ò jáde. Ọmọ náà fẹ́ àgbẹ̀ kan ní Wásinmi.

Mo ti darúgbó báyìí. Mo ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pe bọ́ì ní háósìbọ́ì àti sítúwáàdì, wọ́n rò pé orúkọ ló ń sọni di ẹrú. Ọdún mẹ́rin ni ọ̀gá mi fi pè mí ní bọ́ì, irọ́ ló ń pa. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ṣe bọ́ì lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tó rán mi.