Ta Ni Yóò Bá Wa Gbọ́, Nígbà Tí Merlinda Ti Kú?

Ọrùn Jerson ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo ní kí n sọ èyí kí n tó kí yín, Dókítà Villaruz, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwòsàn, nítorí láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń wò ó. Ó máa ń fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí orí rẹ̀ lè dúró, ó ní òun kàn ń ronú ni. Rodel ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tirẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin sọ bẹ́ẹ̀, ó sì kú ní ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì, ó lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀. Lubag ni gbogbo ìpínlẹ̀ wa, Capiz, ń pe àìsàn yìí. Ọ̀dọ̀ ìyá ló ń gbà wọ ara ọmọkùnrin. Ọ̀dọ̀ tèmi.

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni Corazon Degala, ará ìlú Panitan. Oṣù méjì ló kù kí ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ fún Jerson, ẹni tí yóò sì bá a gbọ́ bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń dún ti kú. Ilé ìwòsàn yín ló kú sí, lórí bẹ́ǹṣì, lójú ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Merlinda Dadivas fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, oṣù mẹ́fà mẹ́fà lẹ sì ń bá a kọ ìwé àdéhùn iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni orí fi ń fọ́ ọ tó ṣì ń wá síbi iṣẹ́, torí ẹni tí kò bá wá, ìwé mìíràn lè má sí fún un. Lọ́jọ́ kẹta ó ṣubú. Wọ́n ní kò sí ibùsùn. Wákàtí mẹ́sàn-án ni ẹ̀jẹ̀ fi ń ya sínú ọpọlọ rẹ̀, nínú ilé tó kún fún oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ẹyọ ẹnì kan kò ráyè bẹ̀rẹ̀ wò ó?

Òun ráyè fún Rodel lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ tirẹ̀, bí ọmọ náà ṣe sọ fún mi. Wọ́n ti lu ihò sí orí ọmọ mi, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀ kó lè máa dá wọn lóhùn. Dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ń ti wáyà tí yóò dá yíyí náà dúró, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, wọlé díẹ̀díẹ̀, Merlinda sì fi ohun ìgbọ́rọ̀ sétí, ó ń gbọ́ bí ibi tí wáyà dé ṣe ń dún. Dókítà ní àwòrán sọ pé ó ti dé ibi tí wọ́n ń wá.

"Ẹ má bínú, Dókítà, kò tíì débẹ̀. Ibẹ̀ ṣì dákẹ́. Ibi tí à ń wá máa ń dún bí ìrẹsì tí wọ́n ń dà sórí àtẹ."

Wọ́n tún tì í, ìrẹsì náà sì dún. Nígbà tí wọ́n rán iná mànàmáná díẹ̀ gba inú wáyà náà, Merlinda bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ mi létí, ó pè é ní Toto bí a ṣe ń pe ọmọkùnrin níbí.

"Toto, ṣé o rí ìmọ́lẹ̀?"

"Ó ń bù yẹ̀rì bí ẹni ń ya fọ́tò, Manang ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀, Dókítà, ó ti fẹ́ kan ọ̀nà ojú. Fọ́tò tó o, Toto, o ò kúkú rẹwà tó bẹ́ẹ̀."

Rodel rẹ́rìn-ín tòun ti ihò lórí. Lónìí ó ń fúnra rẹ̀ de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án àdúrà òkú Merlinda, lẹ́tà yín dé ilé rẹ̀. A rò pé ẹ bá wa kẹ́dùn ni. Isyang àbúrò rẹ̀ kà á sókè níwájú gbogbo wa: kí ẹbí jọ̀wọ́ dá ohun ìgbọ́rọ̀ náà padà.

"Ẹ ní kí wọ́n wá hú òkú rẹ̀," ni Tay Berto aládùúgbò wí. "Bóyá ó ṣì ń gbọ́ wọn."

A rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà Isyang bú sẹ́kún. Ó pè yín lórí fóònù nítorí ìwé tí Merlinda fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ibi tó kọ bí wáyà ṣe jìn tó fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan sí. Wọ́n ní àwọn ti kó àpótí rẹ̀ tòun ti ìwé náà dànù. Ohun ìgbọ́rọ̀ ni ẹ wá délé, etí tó mọ̀ ọ́n lò ni ẹ fi sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì?

Mo fẹ́ orúkọ ẹni tó ní kò sí ibùsùn, àti ẹni tó kó ìwé náà dànù. Mo sì fẹ́ mọ ẹni tí yóò sọ fún dókítà pé kò tíì débẹ̀. Mo ti fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn pẹ̀lú.

Ìka kan ni Jerson ṣì fi ń gbé orí rẹ̀ dúró. Láti ìka kan dé ọwọ́ méjèèjì, oṣù mẹ́rin péré ni ti Rodel gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè kọ̀wé sí mi.