Òórùn Ẹsẹ̀ Màlúù

Ẹsẹ̀ màlúù ni mọ́mì mi fi rán mi níléèwé. Ní Pápá Àjàó, níwájú ilé tí a háyà yàrá kan sí, ló ti máa ń jó irun ara ẹ̀ dànù lórí iná láàárọ̀, á fi ọ̀bẹ ha á, á wá fi se pẹpẹ súùpù fún àwọn mẹkáníìkì àdúgbò. Èéfín yẹn máa ń bá mi dé kíláàsì ní Ìdí-Àràbà. Mo kórìíra ẹ̀ gan-an ni! Mo máa ń da páùdà sára kí n tó jáde, gbogbo ẹ̀ á wá tún burú sí i.

Láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí mò ń ṣe másítáàsì, ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí mi ní kí n wá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn olùkọ́ nípa ègé kékeré kan tó wà lára kòkòrò àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu màlúù. Inú ìwé nìkan ni mo ti mọ kòkòrò náà o, n ò fojú kàn án rí. Ṣùgbọ́n bí mọ́mì ṣe gbọ́ "ẹsẹ̀ màlúù" báyìí, orí ẹ̀ wú. Kò sí oníbàárà tí kò sọ fún: "Ọmọ mi ń kẹ́kọ̀ọ́ àrùn ẹsẹ̀ màlúù!"

Yéè! Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ará àdúgbò ti ń sọ pé láti láàbù ni mo ti ń kó ẹsẹ̀ màlúù tó lárùn wálé fún un. Lọ́jọ́ kejì ìkòkò kún, bẹ́ǹṣì ṣófo. Mọ́mì kàn ń lé eṣinṣin, kò bá mi wí. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá rí nǹkan sọ.

Inú bí mi. Mo bu abọ́ kan kún, mo jókòó sójú títì níbi tí gbogbo wọn á ti rí mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, mo ń fa mùdùnmúdùn inú egungun.

Mẹkáníìkì kan yọjú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Àǹtí, ẹ̀yin náà ń jẹ ẹ́?"

"Ṣé mo jọ ẹni tó fẹ́ kú ni?"

Mo sọ fún wọn pé màlúù ni àrùn yẹn ń dà láàmú, ègé tí mò ń kà nípa ẹ̀ ò tiẹ̀ lè ṣe eṣinṣin ní nǹkan kan. Téèyàn bá fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kan ṣe purotéènì méjì pa pọ̀, àárín àwọn méjèèjì ló máa fi ègé yẹn sí. Sẹ́ẹ̀lì á máa ṣe wọ́n lọ gbọọrọ bí okùn kan, tó bá kan ibẹ̀, á já fúnra ẹ̀, láìsí ọ̀bẹ. Kálukú á gba ibi iṣẹ́ tiẹ̀ lọ.

Mẹkáníìkì yẹn nu ọwọ́ ẹ̀. "Mọ́mì, ẹ bu tèmi wá. Kó ta dáadáa o." Bí àwọn yòókù ṣe ń bọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ìkòkò gbẹ, mọ́mì wá jókòó tì mí.

"Àwọn méjì tó já kúrò lára ara wọn yẹn, ṣé nǹkan kan kì í kù lára wọn?"

"Ó máa ń kù, mà. Èyí tó ṣáájú jáde ló máa ń gbé ègé yẹn kiri. Kì í kúrò lára ẹ̀."

Ó fa apá mi mọ́ra, ó gbóòórùn ẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo ṣáà mọ̀. Páùdà yẹn ò ràn án."

Lọ́jọ́ tí mo lọ dúró níwájú àwọn olùkọ́, n ò da páùdà sára.