Lọ́fíńdà Inú Ọkọ̀ Màmá Ìlérí

Ojo ni Déolú, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí àbúrò, ìjọ aláṣọ funfun kan náà la jọ ń lọ ní Ọgbà l'Ékòó, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé bí fóònù bá dún, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ já kó tó wo orúkọ ẹni tó ń pè é, kí la fẹ́ pè é? Ọmọ Èkìtì ni, ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, ó sì ti ń wa ọkọ̀ fún Màmá Ìlérí ní Omole láti ọdún mẹ́fà. Èmi Bọ́sẹ̀dé, inú ọkọ̀ ni mò ń fọ̀ jẹun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ọgbà níhìn-ín. Èyí tí ojú mi ò tó nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu Déolú fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Màmá Ìlérí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ọkọ wọn tó ti dolóògbé ló ra ọkọ̀ yẹn, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Àwa aláṣọ funfun kì í wọ bàtà bí a bá ti wọ sùtánà. Màmá wá sọ ọ́ di òfin ọkọ̀: lọ́jọ́ Ìsinmi, bàtà kankan ò gbọdọ̀ wọnú rẹ̀, lọ́jọ́ yòókù, bàtà ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn. Dírẹ́bà tó wà níbẹ̀ ṣáájú Déolú, àmì bàtà kan ṣoṣo ló lé e lọ. Déolú mọ ìtàn náà dáadáa, kì í sì í jẹ́ kó kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn kan nítòsí Allen. Wọ́n fẹ́ lọ gba èsì àyẹ̀wò, wọn ò sì sọ àyẹ̀wò kí ni. Wọ́n ní kó dúró de àwọn, pé àwọn á tó wákàtí méjì. Kò pẹ́ tí wọ́n wọlé ni Síkírù, aládùúgbò Déolú ní Agége, yọ láti báǹkì kan, tó ń sáré, tó ń làágùn. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ọgbà ló ti ń ṣiṣẹ́, aago mẹ́wàá àárọ̀ sì ni wọ́n máa ń ti géètì wọn.

"Bàbá Ànú, jọ̀ọ́, gbé mi débẹ̀! Wọ́n fẹ́ ti géètì mọ́ mi. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní kí n má wá mọ́."

Síkírù yìí ló fi ọ̀kadà gbé ìyàwó Déolú lọ bí Ànú nínú òjò. Déolú wo aago, ó wo ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó ní kó wọlé.

Bàtà ilé iṣẹ́ ló wà lẹ́sẹ̀ Síkírù, dúdú, onírọ́bà, tó wúwo. Ìkánjú ò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí Déolú padà dé Allen tó ṣí ilẹ̀kùn iwájú ẹ̀gbẹ́ kejì, ìlà dúdú mẹ́rin ló wà nísàlẹ̀ ike ilẹ̀kùn aláwọ̀ eérú náà, bí ìgbà tí ọmọdé fi èédú kọ nǹkan sára ògiri. Ó pè mí.

"Àǹtí Bọ́sẹ̀dé, ẹ gbà mí! Bàtà ti fa nǹkan sára ilẹ̀kùn Màmá. Kí ni kí n fi pa á rẹ́?"

Mo ní, "Fara balẹ̀. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀. Fọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èyí tó bá kù, fi rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń pa iṣẹ́ rẹ́ nù ún. Má fi nǹkan tó ní sípíríìtì kàn án o, ọ̀dà ni wọ́n fi kun ike yẹn."

"Níbo ni mo ti fẹ́ rí omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ní Allen? Mi ò ní ju ogún ìṣẹ́jú lọ!"

Kí n tó dáhùn, ó ti pa fóònù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wí ìyẹn fún ẹni tí àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì?

Ó tú àpótí kékeré iwájú ọkọ̀. Ìgò lọ́fíńdà àdúrà Màmá ló bá níbẹ̀, èyí tí wòlíì ìjọ wa gbàdúrà sí fún wọn nítorí ilé ìwòsàn yìí gan-an. Déolú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣí i. Ó dà á sórí áńkáṣíìfù, ó nu ilẹ̀kùn, ó nù ún, ó nù ún. Àwọn ìlà dúdú náà lọ. Ṣùgbọ́n sípíríìtì wà nínú lọ́fíńdà, ọ̀dà ilẹ̀kùn bá wọn lọ, ojú ibẹ̀ wá funfun báláú, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Kò tíì mọ èyí tí yóò ṣe tó fi rí Màmá tí wọ́n ń bọ̀. Ó yára pa ilẹ̀kùn náà dé, ó ṣí ti ẹ̀yìn fún wọn.

Inú ọkọ̀ ń ta sánsán bí inú ìjọ lọ́jọ́ ìkórè. Déolú ń wa ọkọ̀ lọ, ó ń wá ibi tí òun máa ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Nígbà tó gbójú wo dígí, ó rí i pé Màmá ń fi gèlè nu omi ojú.

"Déolú, o gbàdúrà fún mi."

Déolú gbójú kúrò lára dígí, ó tejú mọ́ títì.

"Wọ́n ní nǹkan wà ní ọmú mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Mi ò tíì sọ fún ọmọ mi kankan. Mo rò pé èmi nìkan ni mò ń gbé e kiri, àṣé ìwọ jókòó síbí, ò ń fi lọ́fíńdà gbàdúrà fún mi. Ẹ̀rù tó ti ń bà mí láti àárọ̀, ó ti lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo máa dìde jẹ́rìí rẹ níwájú pẹpẹ."

Ẹ wá wo wàhálà. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á lé òun lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, pẹpẹ ló tún kù tó ń bà á lẹ́rù. Ní ìjọ wa, ẹ̀rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹni tó bá fi irọ́ jẹ́rìí, àti ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́, inú kòtò kan náà ni wọ́n wà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbé ọkọ̀ wá bá mi, pé kí n bá òun kun ojú funfun yẹn. Ó ti rù. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó ń ròyìn fún mi, mi ò ní purọ́, àfi ìgbà tó débi ọ̀rọ̀ ọmú ni ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Inú wá bí mi.

"O fẹ́ jẹ́ kí obìnrin yìí lọ dúró níwájú Ọlọ́run kó máa fi irọ́ rẹ dúpẹ́?"

"Bí mo bá sọ òtítọ́, wọ́n á lé mi."

"Kí wọ́n lé ẹ. Lọ sọ ọ́."

"Kì í ṣe lílé nìkan, Àǹtí. Ẹ̀rù yẹn á padà bá wọn."

Mo kàn sọ fún un pé mi ò ní kun nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Déolú gbé Màmá bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti lọ gba sùtánà wọn lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Ó dúró níwájú géètì ilé, kò fun fèrè. Láì bojú wẹ̀yìn, ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí Síkírù títí dé orí áńkáṣíìfù.

Màmá sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ìka kan ojú funfun náà. Déolú ní ìṣẹ́jú yẹn gùn ju ọdún mẹ́fà lọ.

"Ṣé o ò gbàdúrà rárá?"

"Mi ò gbà á, Màmá. Ilẹ̀kùn ni mò ń nù. Ẹ dárí jì mí."

Wọ́n jókòó sí àga iwájú, èyí tí wọn kì í jókòó sí. Wọ́n di báàgì wọn mọ́ àyà. Déolú rí i kedere pé ẹ̀rù náà ti padà.

"Ṣé ó ṣì kù nínú ìgò yẹn?"

"Ó ku díẹ̀, Màmá."

"Ọ̀rọ̀ bàtà Síkírù, a ó padà sórí rẹ̀. Gba àdúrà náà báyìí."

Déolú ní gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí òun ti kó jọ nítorí iṣẹ́ òun, kò sí èyí tó wúlò níbẹ̀. Ó da lọ́fíńdà tó kù sí àtẹ́lẹwọ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó kó wọn síta sórí ilẹ̀ gbígbóná, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì fi orúkọ Màmá bẹ̀rẹ̀ àdúrà.